Oúnjẹ Ilé Tí A Kò Lè Jẹ Nílé: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Fúnmilọ́lá Adéjùwọ́n (1952–2024)

Ìlú Odò-Ọwá ní Òkè-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n bí Màmá Fúnmilọ́lá Adéjùwọ́n sí ní ọdún 1952, sínú agbo ilé Olóyèdé. Ìdílé mọ̀ pé inú ìwé bí irú èyí ni ọ̀pọ̀ òkú ti ń di ọmọ ọba lójijì. Màmá kì í ṣe ọmọ ọba. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá wọn. Ebè rẹ̀ pọ̀, ariwo ẹnu rẹ̀ sì pọ̀ ju ebè lọ. Ìyá wọn a máa ta irú ní ọjọ́ ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá rí adé kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibòmíràn ló ti rí i.

Kí ìtàn tó lọ síwájú, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í sábà wọ inú ìwé ètò ìsìnkú, ṣùgbọ́n tí ìdílé kò lè gbé mì. Láti ọjọ́ tí Màmá ti dákẹ́ ni àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, láti Ìlọfà títí dé Òsí, pé ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti jẹun kẹ́yìn ni kí á lọ yẹ̀ wò. Ẹni náà ni Àǹtí Fẹ́yìsayọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ Màmá, tí ó jẹ́ ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Òótọ́ ni pé ọwọ́ Àǹtí ni Màmá ti jẹun kẹ́yìn. Bí ó ṣe jẹ́ gan-an ni ìdílé fẹ́ kọ sílẹ̀ síhìn-ín, kí ẹni tó ń fi etí kó o kiri lè fi ojú kà á, kí orúkọ àgbàlagbà má baà bá òkú wọ ilẹ̀.

Ní ọdún 1959 ni Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Odò-Ọwá. Wọ́n lọ sí ilé ìwé mọ́dà ọlọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ́ aṣọ rírán. Wọ́n mọ ìwé, wọ́n mọ ìṣirò, wọ́n mọ iyán gún débi pé kókó kì í ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò mọ̀ ni ọbẹ̀ ìṣápá. Ọmọ agbègbè yìí kò nílò àlàyé, ṣùgbọ́n nítorí àwọn àlejò: òdòdó kíkan ni ìṣápá, kì í sì í ṣe ọbẹ̀ oníwàràwàrà. A ó ṣa á, a ó fi káún sè é, a ó fún omi kíkan inú rẹ̀ dànù, a ó tún bu omi sí i, a ó tún fún un, kí ó tó fojú kan ẹ̀gúsí àti irú. Bí kíkan bá ṣẹ́kù jù, ẹnu olùjẹ á sún kì. Bí ó bá tán pátápátá, koríko lásán ni èèyàn ń jẹ. Ìyá Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ti inú ìkòkò tirẹ̀. “Ìgbà tí o bá fẹ́ lọ ilé ọkọ ni wàá kọ́ ọ,” ni ó máa ń wí. Ìyá kú ní ọdún 1971. Ọdún 1974 ni Màmá lọ ilé ọkọ.

Ọmọ Ìlọfà ni ọkọ náà, Olóògbé Ìbítóyè Adéjùwọ́n, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Kàdúná. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Òfin kan ṣoṣo ni ó mú wọ inú ìgbéyàwó, inú bọ́ọ̀sì tó gbé wọn bọ̀ wálé fún ọdún Kérésì àkọ́kọ́ ni ó sì ti kéde rẹ̀.

“Tí a bá dé Ìlọfà, kí wọn, bá wọn rẹ́rìn-ín, fún wọn lówó. Má jẹ nǹkan wọn.”

“Ti ẹ̀gbọ́n yín náà ńkọ́?”

“Ti ẹ̀gbọ́n mi gan-an. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tí o kò ní lè kọ̀?”

Ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1969, ní ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ kan tí ó ti jẹ iyán. Wọ́n ní inú iyán ni májèlé wà. Bàbá náà ti fi ọdún mẹ́ta ké pé orí ń fọ́ òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti wú bí ìṣu tuntun, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi ẹsẹ̀ léèrè nígbà tí iyán wà níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ní gbogbo oṣù Kejìlá, ìdílé Adéjùwọ́n ń ti Kàdúná gbé oúnjẹ wá sí ìlú oúnjẹ. Kúlà méjì ìrẹsì, kúlà kan ẹran díndín, páálí búrẹ́dì. Wọn a ṣì máa sọ àpótí kalẹ̀ nígbà tí Àǹtí Fẹ́yìsayọ̀ yóò ti ilé tirẹ̀ wọlé, aṣọ funfun lórí àwo.

“Ìyàwó wa, ẹ kú ọ̀nà. Ó ṣì ń gbóná o.”

Màmá á kúnlẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n á dúpẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá. Lẹ́yìn náà wọn yóò gbé e wọ yàrá, wọn yóò ti ilẹ̀kùn. Iyán funfun, ìṣápá pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, epo tó ń dán lójú rẹ̀. Màmá máa ń sọ fún àwọn ọmọ ní ìgbẹ̀yìn ayé wọn pé àwọn a máa gbé imú lé e bí ẹni ń ka lẹ́tà tí wọn kò kọ sí òun. Ọkọ wọn yóò kàn na ọwọ́ sí fèrèsé. Àwọn adìẹ wà lẹ́yìnkùlé. Àwọn adìẹ náà jẹ ẹ́, wọ́n sanra, wọ́n yé ẹyin, wọ́n pa ọmọ, ọ̀kan ṣoṣo kò kú nínú wọn. Ẹnikẹ́ni kò ka èyí sí ẹ̀rí.

Ní Kàdúná, àárò ọbẹ̀ yìí kò jẹ́ kí Màmá sinmi. Wọ́n ránṣẹ́ ra ìṣápá gbígbẹ, wọ́n sì sè é. Ìṣirò tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n lò: wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin gẹ́lẹ́, nítorí pé ẹnì kan sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni. Àkọ́bí wọn, Tófúnmi, tọ́ ọ wò, ó sì béèrè bóyá oògùn ibà ni. Lọ́dún kejì wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó sì tẹ́ bí ọ̀rọ̀ olóṣèlú. Àwọn ọmọ pinnu pé ìrẹsì ni àwọn fẹ́.

Ilé iṣẹ́ aṣọ náà kógbá sílé ní ọdún 2002. Ọkọ Màmá kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wá sí Ìlọfà. Ọjọ́ ìsìnkú yẹn ni Màmá rí ohun tí wọn kò rí rí nítorí pé àwọn náà wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó ti Èkó àti Àbújá wá jókòó sínú mọ́tò wọn, wọ́n ti gíláàsì pa, wọ́n ń fi sadíìnì jẹ búrẹ́dì. Òórùn ìṣápá sì ń ti agbo ilé dé agbo ilé jáde. Àárò ilé ń sọ wọ́n, ẹ̀rù ilé ń bà wọ́n. Obìnrin kan tí ó wọ góòlù dé ọrùn ẹsẹ̀ sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, ó sì fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi opó tuntun náà:

“Ẹ jọ̀wọ́ Màmá, níbo ni èèyàn ti lè ra ìṣápá nílùú yìí? Rà ni mo wí o. Kì í ṣe kí wọ́n fún mi.”

Màmá kò padà sí Kàdúná mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, wọ́n ṣí búkà kan sí ẹ̀bá ọ̀nà tó jáde sí Odò-Ọwá. Wọ́n ya àwòrán ara wọn sí ojú pátákó, ó fi ogún ọdún kéré sí wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: BÚKÀ FÚNMILỌ́LÁ. A Ó KỌ́KỌ́ JẸ Ẹ́ LÓJÚ YÍN. Irọ́ kò sí ńbẹ̀. Tí oníbàárà bá jókòó, Màmá fúnra wọn yóò jáde pẹ̀lú gèlè, wọn yóò bu òkèlè kan nínú iyán rẹ̀, wọn yóò rì í sínú ọbẹ̀ rẹ̀, wọn yóò gbé e mì, wọn yóò sì dúró síwájú rẹ̀ bí ìyàwó tuntun tí wọ́n ń yà ní fọ́tò. Nígbà tí oníbàárà náà bá ti kà á nínú ọkàn títí ara rẹ̀ fi balẹ̀, Màmá á ní, “Ó yá, ẹ máa jẹ. Mo ṣì wà.” Ní ọjọ́ ọdún, òkèlè bí ogójì ni. Kí oṣù Kejìlá tó parí, wọ́n ti tú ìgbátí bùbá mẹ́ta kí ó lè gbà wọ́n.

Àwọn èèyàn wá. Wọn kò padà wá. Ọ̀gbẹ́ni kan láti Ìkòròdú ló sọ òótọ́ rẹ̀, ó ní, “Màmá, oúnjẹ yín kò lè pa èèyàn. Ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n…” Kò parí ọ̀rọ̀ náà, kò sì parí ọbẹ̀ náà.

Màmá mọ ẹni tí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì rìn kọjá níwájú ilé rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Ní oṣù Kìíní ọdún 2005, wọ́n yà.

Àǹtí Fẹ́yìsayọ̀ ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbójú sókè.

“Àǹtí mi, mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ wá bá mi se ìṣápá ní búkà.”

“Fún ta ni?”

“Fún àwọn ará ìlú ńlá.”

“Ọwọ́ mi kò mọ ti ará ìlú ńlá. Ti adìẹ ló mọ̀.” Àǹtí ju èèpo ẹ̀gúsí dànù. “Ta lẹ rò pé ó ni àwọn adìẹ wọ̀nyẹn, Fúnmilọ́lá? Èmi ni. Tí wọ́n bá wọlé nírọ̀lẹ́, epo á wà lẹ́nu wọn.”

Màmá bá ara wọn lórí eékún. “Ẹ mọ̀, ẹ sì ń gbé e wá lọ́dọọdún?”

“Kí ni ǹ bá ṣe? Àbúrò mi ló wálé. Mo se tèmi. Ẹni tó bá wù ú kó fún adìẹ, kó fún adìẹ.”

Àǹtí bó ẹ̀gúsí márùn-ún, mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tó fẹ́.

“Mo lè wá. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Níhìn-ín, lójú mi. Mi ò sì ní bá ọ tọ́ ọ wò.”

Ìdílé kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí bora, nítorí Màmá fúnra wọn kò fi bora. Ọjọ́ kìíní, Àǹtí gbé iyán àti ìṣápá kalẹ̀, Màmá sì rántí pé àwọn ń gbààwẹ̀. Ọjọ́ kejì, eyín ń ro wọ́n. Ọjọ́ kẹta, wọ́n bu òkèlè, wọ́n gbé e dé ètè, bàbá ọkọ wọn tó kú ní 1969 sì dìde jókòó sínú ọkàn wọn, tòun ti ẹsẹ̀ wíwú. Wọ́n ní, “Àǹtí, ẹ ṣáà fi ọwọ́ kàn án díẹ̀, kí á jọ jẹ ẹ́.” Àǹtí ní, “Mo ti yó.” Ọjọ́ kẹrin, òjò tó rọ̀ láìtọ́jọ́ ba ọ̀nà jẹ́, Màmá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún òjò. Lójoojúmọ́ ni Àǹtí ń da ti àná nù, tó ń se tuntun, tó sì ń jókòó wo ẹnu wọn bí olùkọ́ tó mọ̀ pé ọmọ yìí kò ka ìwé.

Ohun tó dé bá Màmá lọ́jọ́ karùn-ún, wọn kò lè ṣàlàyé rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Wọ́n ní àwọn kàn wo ọwọ́ Àǹtí, wọ́n rí i bí ìṣápá ti pa á láwọ̀ dà, wọ́n sì rántí pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ abọ́ kan, wọ́n sunkún, wọ́n jẹ abọ́ kejì. Abọ́ kẹta, wọn kò sunkún mọ́, wọ́n kàn jẹ ẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n.

Ẹ̀rù tó ti sùn jí wàì. Màmá tẹ Kàdúná láago, ọmọ wọn Fọláránmi ló gbé e. Dípò kí ó béèrè ibi tó ń dùn wọ́n, ó ní, “Màmá, ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, kí n kọ ọ́ sílẹ̀.” Wọ́n gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lórí ọ̀kadà. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n jẹ.

“Ìṣápá.”

“Abọ́ mélòó?”

“Mẹ́ta.”

“Ìgbà wo lẹ jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn kí ó tó di àná?”

“Tó dára? Ọdún 1971.”

Nọ́ọ̀sì náà po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún wọn, ó sì yí ojú sí ara ògiri kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn kì í dúró gba omi oníyọ̀. Kí ife náà tó gbẹ, gbogbo ìlú ti mọ̀ pé Fẹ́yìsayọ̀ ti gbẹ̀san adìẹ.

Àǹtí náà gbọ́. Ó kó aṣọ mẹ́rin sínú báàgì láti sá lọ sí Obbo-Ayégúnlẹ̀, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Alimat Yàhàyá, kí àwọn ọ̀dọ́ ilé tó dé pẹ̀lú igi. Orí báàgì náà ni ó jókòó lé, tó ń retí bọ́ọ̀sì, nígbà tó rí Màmá tó ń bọ̀, tí wọ́n fi ọ̀já gbá inú, tí wọ́n ń di ògiri mú. Àwọn èèyàn bí ogún ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, wọ́n dúró jìnnà díẹ̀, bí ìwà àwọn tó fẹ́ wo ìjà láìjẹ́ ẹlẹ́rìí.

Màmá dúró níwájú Àǹtí. Èémí ń gbé wọn.

“Àǹtí mi,” ni wọ́n wí, “ṣé ti àná kù?”

Àǹtí wò wọ́n títí. Ó wo àwọn ogún èèyàn náà. Ó dìde lórí báàgì.

“Ó kù. Ṣùgbọ́n abọ́ kan ni o.”

Láti ọjọ́ yẹn ni búkà ti di búkà. Àǹtí ń se ọbẹ̀. Kì í ka iye ìgbà tó fún ìṣápá. Ẹnu ló fi ń tọ́ omi rẹ̀ wò títí kíkan yóò fi ku bíńtín. Alimat ti Obbo-Ayégúnlẹ̀ wá ń gún iyán. Màmá ń tọ́ ọ wò ní gbọ̀ngàn, pẹ̀lú gèlè. Wọn kò ya àwòrán Àǹtí sí pátákó. Màmá ní ojú kan tó fún pátákó kan. Wọn kò sì sọ fún oníbàárà ẹni tó wà ní ìdáná. Níbi ọgbọ́n yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Alhaji Hassan Yàhàyá. Ó fún ìdílé láyè láti kọ orúkọ rẹ̀ síhìn-ín. Ohun tó bẹ̀ ni pé kí wọ́n má gbàgbé “Alhaji”.

Alhaji Hassan wá láti Àbújá fún ọdún Iléyá ní 2009. Alimat jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀. Nígbà tí Alimat gbé iyán lọ bá a nílé, Alhaji di ikùn mú, ó ní dókítà ti ka iyán léèwọ̀ fún òun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Alhaji wà ní búkà. Màmá tọ́ ọ wò fún un, ó sì jẹ àkọ́kọ́, ó jẹ èkejì, ó gbá tábìlì.

“Ẹni tó gún iyán yìí, ìyá gidi ló bí i! Ẹ pè é fún mi.”

Alimat jáde, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́.

“Hassan. Dókítà rẹ ńkọ́?”

Òkèlè Alhaji dúró láàárín àwo àti ẹnu. Ó wo Màmá. Ó ní, “Ṣùgbọ́n… Màmá ti tọ́ ọ wò.”

“Èmi náà tọ́ ọ wò,” ni Alimat wí. “Ìgbà tí ìyá rẹ bá lọ ọjà, tí o kò tíì hu eyín, ta ló ń fi ẹnu rún iyán fún ọ? Májèlé ìgbà yẹn kò tíì ṣiṣẹ́ ni?”

Alhaji parí òkèlè náà. Títí di òní, kì í jẹ oúnjẹ Alimat nínú ilé. Búkà ló ń wá jẹ ẹ́, ó sì ń sanwó. Ó ní bí èèyàn bá ti sanwó, ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀.

Nínú ìgbàgbọ́, Màmá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nínú ìjọ. Wọ́n fẹ́ jẹ Ìyá Ìjọ, wọn kò sì fi í pamọ́. Ní ọdún 2011, nígbà tí oyè náà ṣófo, ẹnì kan tí òun náà fẹ́ ẹ sọ pé Màmá ń fi oògùn àwọ́rò sínú ọbẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe ń tò síwájú búkà. Ìjọ yan àgbà mẹ́ta láti lọ yẹ ìdáná wò. Wọ́n dé ní aago mẹ́wàá, wọ́n lọ ní aago mẹ́rin. Ìjọ ṣì ń retí ìròyìn wọn. Àwọn pẹ̀lú ṣì ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, ìwádìí náà sì ń mú wọn sanra. Màmá jẹ Ìyá Ìjọ ní 2012. Nínú iṣẹ́ ìlú, wọ́n ṣe ọdún mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bí akápò ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Ìlọfà, wọ́n sì máa ń gbé oúnjẹ sààrì ránṣẹ́ sí ilé Alimat jákèjádò Ràmàdánì.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ dé ibi tí àwọn kan ń retí.

Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí Màmá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, apá wọn òsì kú, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlọrin. Wọn kò jẹ oúnjẹ ibẹ̀. Àwọn ọmọ ra ọbẹ̀ ẹran aláta, ra ògì, ra ohun gbogbo tó ń tà. Màmá kàn ń yí ojú. Ní ọjọ́ kẹta, Àǹtí Fẹ́yìsayọ̀ wọ bọ́ọ̀sì láti Ìlọfà pẹ̀lú ọgọ́rin ọdún ó lé lórí, fulásíìkì kan sì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìdílé gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Tófúnmi, àkọ́bí, ló gba fulásíìkì náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ni ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Màmá rí i.

“Tófúnmi. Gbé e jáde.”

“Màmá, dókítà ní…”

“Dókítà kò bá ọ sọ̀rọ̀ kankan. Bí mo bá jẹ ẹ́ tí mo kú, ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa mí. Bí n kò bá jẹ ẹ́ tí mo kú, ìwọ ni. Gbé e jáde.”

Àǹtí fi ṣíbí bọ́ wọn. Kò tọ́ ọ wò, Màmá kò sì wo ṣíbí. Ojú Àǹtí ni wọ́n ń wò. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn rẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, ẹ̀jẹ̀ ya wọ orí wọn, wọ́n sì dákẹ́. Ìwé dókítà wà lọ́wọ́ ìdílé. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kí ó wá ní ọ̀sán, kí ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀ kí á tó ṣí i fún un.

Nígbà tí ètò ìsìnkú bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ lọ bẹ Àǹtí kí ó wá se oúnjẹ òkú. Ó kọ̀. Ó ní, “Ẹ lọ pe àwọn alásè láti Ìlọrin. Tí ẹnikẹ́ni bá sín lọ́jọ́ náà, wọ́n á ní èmi ni.” Tófúnmi sọ ọ̀rọ̀ fulásíìkì fún un, pẹ̀lú omi lójú. Àǹtí ní òun mọ̀. Òun rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tì í. Ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun sí òun nínú ilé yìí. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ púpọ̀, ó gbà láti se ìkòkò kan péré, fún ọmọ àti ọmọ ọmọ òkú.

Nítorí náà, ìdílé ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wọn dárò pé ìkòkò ìṣápá tó wà ní ẹ̀yìn ilé kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Àwọn ọmọ ni yóò jẹ ẹ́, ní gbangba, láìsí ẹni tí yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìrẹsì wà fún ẹ̀yin tó kù, ó pọ̀, Ìlọrin ló ti wá. Ẹnì kankan nínú ìdílé kò mọ àwọn tó sè é, àwọn náà kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ fọkàn balẹ̀ jẹ ẹ́.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ nìwọ̀nyí: Àǹtí Fẹ́yìsayọ̀ Adéjùwọ́n, tí ìdílé fi ṣáájú ara wọn, Tófúnmi, Fọláránmi àti Akọ́ládé, àwọn ọmọ, ọmọ ọmọ mẹ́sàn-án, ọmọ ọmọ ọmọ kan tí kò tíì hu eyín, Alimat Yàhàyá, ọ̀rẹ́ tó di ọmọ ìyá, àti ọ̀pọ̀ oníbàárà, tí díẹ̀ nínú wọn ń wo Àǹtí lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Kí wọ́n yí ojú kúrò.

Fúnmilọ́lá, ọmọ Olóyèdé, aya Adéjùwọ́n, Ìyá Ìjọ: lọ sinmi, oorun rẹ á dára o. Bí o bá dé ọ̀run, tí wọ́n bá gbé àwo fún ọ, jẹ ẹ́ ní àjẹyó.